Orin Tí Ìyá Kan Fi Wá Ọmọ Rẹ̀

Àwọn àgbà wa ní òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀; bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ni í sọnù láyé. Ọmọ a máa sọnù mọ́ ìyá lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé inú ìwé ni ọmọ sọnù sí, ìwé tí ìyá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù nígbà tí kò rí ọ̀nà mìíràn gbà. Kí ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ yóò fi wá ọmọ rẹ̀, nígbà tí òfin kò gbà á láyè láti béèrè, tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó lè la ẹnu sọ ọ́?

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí jẹ́ ìtàn obìnrin olórin kan, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joni Mitchell. Orin ni ó fi wá ọmọ tirẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ó sì kọjá kí ojú àwọn méjèèjì tó tún kan ara wọn.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò wí pé: "Kí ni ó kàn wá nínú ọ̀ràn olórin ilẹ̀ òtútù, nígbà tí àwọn olórin tiwa pọ̀ jáǹtìrẹrẹ?" Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní òkè òkun, yàrá kékeré kan ni mo gbà, ògiri rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ ikọ́ aládùúgbò mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, aládùúgbò náà gbé àwo orin kan sórí ẹ̀rọ. Gìtá kan ṣoṣo ni mo gbọ́ àti ohùn obìnrin kan. N kò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ yékéyéké, ṣùgbọ́n ó yé mi pé ẹni tí ń kọrin náà ń bá ẹnì kan tí kò sí nítòsí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi tí àárò ilé ń sọ lálẹ́ ọjọ́ náà mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ olùkọ́ tí àìsàn bá jà

Ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 1943 ni a bí i ní ìlú Fort Macleod, ní ìpínlẹ̀ Alberta, ní apá ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Roberta Joan Anderson ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Baba rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú nígbà ogun àgbáyé kejì, ó sì di òǹtàjà oúnjẹ lẹ́yìn tí ogun parí. Ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ojú ewé yìí. Òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ìlú Saskatoon ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ni ó gbé dàgbà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ ibẹ̀, oko àlìkámà lọ salalu níbẹ̀, òtútù a sì máa mú títí odò yóò fi dì gbagidi.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì dùbúlẹ̀ láàrin àwọn ọmọ tí wọn kò lè dá rìn mọ́. Ó ti sọ fún àwọn oníròyìn pé láti orí ibùsùn yẹn ni òun ti ń kọ orin Kérésìmesì sókè. Orí yọ ọ́, ó tún dìde, ó rìn. Ṣùgbọ́n àrùn náà fi àpá sílẹ̀ sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ náà kò ní agbára bí ti ẹlòmíràn mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yìí sọ́kàn. Ọwọ́ òsì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta gìtá fi ń tẹ okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ìka a sì máa na ara wọn gidigidi kí ohùn tó lè jáde bí ó ti yẹ. Nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gìtá, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti ṣe bí ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe. Kí ni ó ṣe? Ó dẹ okùn kan, ó fa òmíràn le, títí gìtá náà fi bá agbára ọwọ́ rẹ̀ mu. Lójú ayé rẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà tún okùn gìtá ṣe lé ní àádọ́ta. Àwọn akọrin ńlá tí wọ́n gbọ́ ohùn gìtá rẹ̀ kò mọ bí ó ti ṣe é, wọ́n ń wí pé ọgbọ́n àrà ni. Ọgbọ́n náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìlera ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ pẹ̀lú yóò ṣe wá rí: ibi tí ó ti fara gbọgbẹ́ ni orin náà ti ń jáde.

Oyún tí a fi pa mọ́

Ní ọdún 1963, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ìlú Calgary, nítorí pé àwòrán kíkùn ni ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Ní 1964, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó gba ìlú Toronto lọ láti máa kọrin. Ó ti lóyún nígbà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ ni ó fún un lóyún, ṣùgbọ́n kí òtútù ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Joan, ó wà ní yàrá tí ó háyà ní ìlú tí kò ní ẹbí kan sí. Kò ní owó tí a ń san láti wọ ẹgbẹ́ àwọn olórin, nítorí náà ibi tí ó ti lè kọrin gba owó kò pọ̀. Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Kò sọ fún baba rẹ̀. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì ọdún 1965 ni ó bí ọmọbìnrin kan ní ilé ìwòsàn ní Toronto.

A kò gbọdọ̀ fi ojú òní wo ọ̀ràn náà. Ní Kánádà ìgbà yẹn, títí di ọdún 1969, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin láti ta oògùn tàbí ohun èlò tí a fi ń dènà oyún. Bí ọmọbìnrin tí kò ní ọkọ bá lóyún, àwọn ẹbí rẹ̀ a máa fi í ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, wọn a sì sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ó lọ kí àǹtí rẹ̀. Nígbà tí ó bá bímọ tán, àwọn àgbààgbà a yí i ká, wọn a máa sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ràn ọmọ náà lóòótọ́, kí ó gbé e fún àwọn tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ìyá ni irú ọ̀ràn yìí bá láàrin ọdún 1945 sí 1971. Ní 2018, ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Kánádà tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn náà, àkọlé tí wọ́n sì fún un ni pé ìtìjú náà, tiwa ni. Wọ́n dámọ̀ràn pé kí ìjọba tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ìyá náà àti àwọn ọmọ wọn. Ẹ wo iye ọdún tí ó gbà kí ìtìjú tó kúrò lórí àwọn ọmọbìnrin, kí ó tó padà sórí àwọn tí ó ni ín.

Ní ti Joan, kò kọ́kọ́ fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ó gbé e sí ọ̀dọ̀ alágbàtọ́, ó ní ìrètí pé bí òun bá rí owó àti ilé, òun yóò padà wá gbé e. Kò pẹ́ tí ó fi pàdé olórin ará Amẹ́ríkà kan, Chuck Mitchell, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1965 kan náà. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò mú ọmọ padà wá sílé. Ẹnu àwọn méjèèjì kò kò lórí bí ọ̀ràn náà ti rí, kò sì yẹ kí àwa tí a wà ní òkèèrè sọ ara wa di adájọ́. Ohun tí ó dájú ni pé Joni buwọ́ lu ìwé náà, ọmọ sì di ọmọ ẹlòmíràn. Ní 1967, ìgbéyàwó náà tú ká.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Ọmú a máa kún ní wákàtí tí ọmọ yẹ kí ó mu ún, yálà ọmọ wà nílé tàbí kò sí. Àwọn àgbà sì wí pé abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were. Níbo ni ẹni tí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń sunkún yóò kọ etí sí?

Orin tí ó pe ọmọ láìdárúkọ rẹ̀

Joni Mitchell ti sọ fún àwọn oníròyìn ní ìgbà tí ó dàgbà pé àkókò tí òun pàdánù ọmọ òun gan-an ni orin kíkọ òun bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, orin àwọn ará àtijọ́ ni ó ń kọ ní ilé tí wọ́n ti ń mu kọfí. Lẹ́yìn ìgbà náà, orin tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí omi tí a là lójú. Ní oṣù kẹta ọdún 1967, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó ń ka ìwé ìtàn kan tí Saul Bellow kọ nípa ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tí ó rìnrìn àjò wá sí ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín. Ó dé ibi tí ọkùnrin náà ti ń wo ìkùukùu láti òkè. Joni gbójú sókè, ó wo ojú fèrèsé, òun náà rí ìkùukùu nísàlẹ̀ ara rẹ̀. Láti inú èyí ni orin rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ ti jáde, "Both Sides, Now". Ohun tí ó ń sọ nípa rẹ̀ ni bí ẹ̀dá ti lè wo ìfẹ́ àti ayé láti ìhà méjèèjì, kí ó má sì tíì mọ̀ wọ́n síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń béèrè bí ọ̀dọ́mọbìnrin bẹ́ẹ̀ ti ṣe mọ ohun tí àgbà ń mọ̀. Wọn kò mọ̀ pé ó ti bímọ, ó ti pàdánù ọmọ, ó sì ti jáde nílé ọkọ.

Ní àkókò kan náà ni ó kọ orin fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. "Little Green" ni ó pe orin náà, èyí tí a lè túmọ̀ sí Kékeré Aláwọ̀ Ewé. Orúkọ tí ó sọ ọmọ náà nígbà tí ó bí i jẹ́ orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tún fi ń pe irú àwọ̀ ewé kan. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti pe àwọ̀ náà, ó ti pe ọmọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jókòó síwájú rẹ̀ kò sì fura. Àwa Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé wa a máa fi ẹnà bá ara wọn sọ̀rọ̀ níwájú àgbà tí kò gbọ́ ẹnà. Àwọn ìyàwó ilé pẹ̀lú a máa fi orin sọ ohun tí wọn kò lè fi ẹnu lásán sọ níwájú ọkọ tàbí orogún. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn yóò mọ̀, ẹlòmíràn yóò máa jó sí i.

Bí a bá fetí sí orin náà dáadáa, a ó rí i pé kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí elégbè, gìtá kan àti ohùn kan ni. Ìyá náà ń sọ fún ọmọ nípa baba tí ó ti lọ, nípa ìwé tí a kọ, ó sì ń wúre fún un. Ìbànújẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà kò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan fún ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, oríkì ni orin yìí. Nígbà tí ìyá àgbà wa bá gbé ọmọ tuntun lé ọwọ́, tí ó ń kì í, ó ń sọ fún ọmọ náà ẹni tí ó jẹ́ àti ibi tí ó ti wá, kí orí ọmọ lè wú. Joni Mitchell ki ọmọ tí kò sí ní ọwọ́ rẹ̀, tí kò sì mọ̀ bóyá ọmọ náà yóò gbọ́ ọ láé.

Ẹni tí kò ní ibi ìfarapamọ́

Orin náà kò tíì sí nínú àwo kankan títí di oṣù kẹfà ọdún 1971, nígbà tí Joni fi í sí inú àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ "Blue". Orin mẹ́wàá ni ó wà nínú àwo náà, ìlú Hollywood ni wọ́n sì ti gbà á sílẹ̀. Kí ó tó ṣe é, ó ti sá kúrò níwájú òkìkí ní ọdún 1970, ó lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì gbé fún ìgbà díẹ̀ ní Matala, abúlé etí òkun ní erékùṣù Crete, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò ti ń sùn sínú ihò àpáta. Ó gbé ohun èlò orin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dulcimer dání, èyí tí a máa ń gbé lé itan ta. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ nínú àwọn orin náà. Ìfẹ́ tí ó parí wà níbẹ̀, àárò ilé wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, "River", jẹ́ ti ẹni tí ọdún Kérésìmesì bá ní ilẹ̀ tí òtútù kò sí, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ibi tí ó ti wá. Láàrin gbogbo wọn ni orin ọmọ náà jókòó sí jẹ́jẹ́, òun ni ẹ̀kẹta.

Ó sọ fún ìwé ìròyìn Rolling Stone ní 1979 pé ní àkókò tí òun ṣe àwo náà, òun kò ní ààbò kankan lára. Ó fi ara rẹ̀ wé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wé páálí sìgá: gbogbo ènìyàn ni ó ń rí inú rẹ̀ kedere. A sì gbọ́ pé nígbà tí ó kọ àwọn orin náà létí olórin ẹgbẹ́ rẹ̀, Kris Kristofferson, ẹ̀rù ba ọkùnrin náà nítorí rẹ̀, ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi díẹ̀ pa mọ́ fún ara rẹ̀. Ohun tí àwa náà máa ń sọ fún ẹni tí ń ro ẹjọ́ rẹ̀ ní gbangba ọjà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ti rí. Obìnrin tí gbogbo ènìyàn ń wí pé kò fi nǹkan pa mọ́ yìí, ohun tí ó tóbi jù lọ nínú ayé rẹ̀ ni ó fi pa mọ́, inú orin ni ó sì fi í pa mọ́ sí. Nígbà tí àwo náà jáde, akọ̀wé kan nínú ìwé ìròyìn Rolling Stone kan náà ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ó sì ráhùn pé orin "Little Green" ṣókùnkùn jù, pé kò sí ẹni tí ó lè mọ ohun tí ó ń sọ. A kò lè bá a wí púpọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ìyá kan ni ó ń ké.

Ní ọdún 1982, Joni tún gbìyànjú. Nínú orin kan tí ó pè ní "Chinese Cafe", ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun bí ọmọ kan tí kò ṣeé ṣe fún òun láti tọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ẹnà mọ́. Síbẹ̀, ó kọjá létí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n gbádùn ohùn, ọ̀rọ̀ náà fò wọ́n dá.

Ìgbà tí àṣírí tú

Ọ̀nà tí àṣírí náà gbà tú kò ní iyì. Ní ọdún 1993, ẹnì kan tí ó mọ Joni nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ta ìtàn náà fún ìwé ìròyìn àwọn elérò òfófó. Ohun tí ìyá kan fi ohùn tútù kọ fún ọdún pípẹ́ di ohun tí a ń pariwo lójú pópó. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn jẹun kò lè kọ èyí kí ojú má tì mí.

Ní òdìkejì, ọmọ náà ti dàgbà. Tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ni wọ́n gbà á tọ́ ní Toronto, wọ́n sì tọ́ ọ dáadáa. Wọn kò sọ fún un pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n bí i títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ lóyún. Oyún ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, oyún ni ó sì ṣí i payá. Ẹni tí ó fẹ́ di ìyá fẹ́ mọ ìyá tí ó bí òun. Ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ, ó dúró fún ọdún mélòó kan, ìwé tí wọ́n fún un kò sì ní orúkọ nínú. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni pé ìyá rẹ̀ wá láti ìwọ̀-oòrùn, pé olórin sì ni. Nígbà tí ó fi èyí wé ìtàn tí ó ti di ìròyìn, ọ̀rọ̀ yé e. Ní oṣù kẹta ọdún 1997, ìyá àti ọmọ fojú kan ara wọn, ọmọ náà sì mú ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Joni Mitchell di ìyá, ó sì di ìyá àgbà.

Bí mo bá jẹ́ oníàlọ́, ibí yìí ni ǹ bá ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni iṣẹ́ oníròyìn. Àjọṣe àwọn méjèèjì kò fi ìgbà gbogbo rọgbọ. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ohun tí a fi ìdìmọ́ra kan san padà. Ẹni tí kò gbé ọmọ pọ̀n kò lè dédé di ojúlùmọ̀ rẹ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ohun mìíràn sì tún ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a rò jinlẹ̀. Lẹ́yìn àwo tí ó gbé jáde ní 1998, Joni kò tún gbé àwo orin tuntun tí òun fúnra rẹ̀ kọ jáde títí di 2007. Òun náà so ó pọ̀: ó ní bí ọmọ òun ti padà dé, ìfẹ́ láti máa kọ orin kúrò lára òun. Ẹni tí ó bá ti rí ohun tí ó ń wá, kí ni yóò tún máa fi ẹṣin ṣe?

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwa

Lónìí, àwọn tí wọ́n mọ orin ń ka "Blue" mọ́ àwọn àwo tí ó dára jù lọ ní ayé. Ní 2020, Rolling Stone tí akọ̀wé rẹ̀ kò rí ojútùú "Little Green" fi àwo náà sí ipò kẹta láàrin ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ní 2015, àìsàn ọpọlọ líle kọlu Joni, ó sì níláti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti ìrìn ní ọ̀tun, bí ọmọ kékeré. Ó padà sí orí ìtàgé ní Newport ní oṣù keje ọdún 2022, àwọn ènìyàn sì sunkún. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí ó ti pé ọgọ́rin ọdún, ó jókòó lórí àga ní ibi àjọyọ̀ Grammy, ó kọ "Both Sides, Now" pẹ̀lú ohùn àgbà. Orin tí ó kọ nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ ti wá dọ́gba pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé: bí kò bá jẹ́ ìyà yẹn, a kì bá tí ní orin wọ̀nyí, nítorí náà ìyà náà dára. N kò gbà. Ẹ̀bùn ni ohùn rẹ̀, iṣẹ́ ni gìtá rẹ̀, ọgbọ́n ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí èyí tí ìlú tí ó fi ojú tì í lè wí pé òun ni òun fún un. Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, tí wọn kò mọ orin kọ, níbo ni tiwọn wà? Wọ́n gbé e mì. Orin kan tí ó dára kò tó láti fi san irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Kí a má sì ṣe rò pé àwa mọ́ jù wọ́n lọ. Lóòótọ́, ìyá àgbà wà nílé wa tí yóò wí pé, "Gbé ọmọ náà fún mi, lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ," ọmọ náà yóò sì mọ ìyá rẹ̀, yóò mọ oríkì ìdílé rẹ̀. Ohun rere ni èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó parun láàrin wa. Ṣùgbọ́n àwa kan náà ni a ń fi ọ̀rọ̀ "ọmọ àlè" gún ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àwa kan náà ni a sì ń lé ọmọbìnrin tí ó lóyún kúrò ní ilé ìwé, tí ọmọkùnrin tí ó fún un lóyún jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, tí ó ń ṣe ìdánwò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún jù lọ. Bí orílẹ̀-èdè wa yóò bá ní àwọn olórin, àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn dókítà láàrin àwọn obìnrin, inú kíláàsì yín ni wọ́n wà nísinsìnyí. Ọ̀kan nínú wọn lè wà tí ara rẹ̀ kò yá láàárọ̀, tí kò lè wo ojú yín, tí ó ń dá jókòó ní ìgbà ìsinmi. Ìyá Joni Mitchell jẹ́ olùkọ́, ọmọ rẹ̀ kò sì lè sọ fún un. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé ìyá náà kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ìlú ni ó ti kọ́ àwọn méjèèjì pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yín mọ̀, kí ọ̀ràn tó dé, pé etí yín lè gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní yàrá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn aládùúgbò mi, mo béèrè orúkọ àwo orin tí ó máa ń lù lálẹ́. Obìnrin àgbàlagbà kan ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó sì kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan. N kò béèrè ìdí tí ó fi ń lu orin kan náà ní gbogbo alẹ́, òun náà kò sì sọ.